Ọwọ̀n ìrántí ọmọ ogun ìlú wa ní Àgbádárìgì ń bẹ́, ọgbà rẹ̀ sì ń gbẹ: kí la ó ṣe?

Aṣojú Ọ̀dọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìlú wa kò jìnnà sí òkun. Ọwọ̀n ìrántí àwọn ọmọ wa tó bá ogun Hítílà lọ sí Bọ́mà wà níwájú gbọ̀ngàn. Kọnkéré ni, mábù funfun ni wọ́n kọ orúkọ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bẹ́, irin ti yọjú, koríko ibẹ̀ sì máa ń gbẹ kó tó di 15 oṣù kìíní tí a ń gbé òdòdó lélẹ̀. Oṣù kẹjọ la wà yìí. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Bíríkìlà Àjàrá
Ẹ kọ́kọ́ mójú tó kọnkéré. Iyọ̀ ló ń bá a jà. Atẹ́gùn òkun ń gbé e wá, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ yanrìn etíkun ni wọ́n fi pò ó. Irin tó bá dógùn-ún a máa wú, òun ló ń ti kọnkéré síta. Símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ bá kàn fi bò ó á tún bẹ́.

Ẹ fi òòlù kàn án káàkiri. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo ti là nínú. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ kúrò títí ìka á fi lè wọ ẹ̀yìn irin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha irin títí á fi dán, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án. Tó bá ti gbẹ, ẹ kun ọ̀dà tó ń dènà ìdógùn-ún lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tẹ́ ẹ máa fi dí ibẹ̀, ẹ po páànù símẹ́ǹtì 1, yanrìn odò 2, gíráńáìtì wẹ́wẹ́ 4. Kó bo irin tó ínǹṣì 2. Kẹ́ ẹ wá fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7. Àìṣe èyí ló ń ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́: wọ́n á jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Afín-òkúta
Ẹ má jẹ́ kí ásíìdì tàbí bílíìṣì kan mábù yẹn. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ti tó. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, torí omi ìdọ̀tí tó bá ṣàn sórí ibi gbígbẹ máa ń fi ìlà sílẹ̀.

Ẹ yẹ orúkọ wò kẹ́ ẹ tó fín in padà, torí bó ṣe dún létí akọ̀wé ológun ló ń kọ ọ́. Orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kú ní Bọ́mà tí a kò mọ sàréè wọn wà lára Rangoon Memorial, ọwọ̀n ìrántí tó wà ní Taukkyan ní Bọ́mà, níbi tí orúkọ ti tó bí 27,000. Ẹ wá a lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń bójú tó sàréè àti ìrántí àwọn ọmọ ogun Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ogun àgbáyé méjèèjì nìkan ni wọ́n ń bójú tó, torí náà ẹ má wá ẹni tó bá ogun Biafra lọ níbẹ̀. Ẹ lẹ orúkọ náà mọ́ ara gbọ̀ngàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹbí kà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣeré. Orúkọ yẹn nìkan ni ẹlòmíì ní tó lè fọwọ́ kàn.

Ìyá Olódòdó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Ọgbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ ni 15 oṣù kìíní máa ń bọ́ sí, torí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. 11 oṣù kọkànlá la ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, inú òjò oṣù kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ gbìn, kí gbòǹgbò ti mú kí òjò tó dá. Pèrègún ni kẹ́ ẹ fi ṣọgbà: ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, ẹ ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, kí àlàfo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Yanrìn yín kì í dá omi dúró. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná mọ́ ọn. Ẹ tọ́ omi kànga yín wò kẹ́ ẹ tó bu ún rin koríko. Tó bá níyọ̀, òun ló ń pa á.

Aṣojú Ọ̀dọ́
Ẹ ṣé gan-an, mà. Igi fúrúùtù kan wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ọwọ̀n náà. Ṣé ká gé e?

Ìyá Olódòdó
Ẹ gé e. Gbòǹgbò rẹ̀ á gbé ìpìlẹ̀ sókè, ewé rẹ̀ tó bá rẹ sórí mábù a sì máa pa á láró. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iná sun kùkùté rẹ̀ o, ooru máa ń la mábù. Ẹ wú u.