Òjò ò mọ ìgbà tiẹ̀ mọ́: ọmọ Èkìtì, ẹ wá sọ èyí tójú yín rí

Ẹ kú ilé o, Èkìtì kete. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní tiẹ̀ kó kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ìkọ̀lé ni mo ti ń dáko. Lọ́dún tó kọjá, òjò méjì tó rọ̀ nínú oṣù kẹta ló tàn mí jẹ, mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo gba lébìrà, a kọ ebè, mo fi owó tí mo yá ní kóńpíreétìfù ra èbù iṣu, a gbìn ín a sì fi ewé bo ojú ebè. Ló bá parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, títí ó fi pé márùn-ún, ìkán omi kan ò bọ́. Nígbà tí mo wa ebè kan wò, èbù ti jẹrà, ooru ilẹ̀ ti sè é bí ẹni sè é sínú ìkòkò. Bàbá mi ò nílò kàlẹ́ńdà nígbà ayé wọn, tí ìrókò ẹ̀bá ọ̀nà oko bá ti rúwé tuntun, wọ́n ti mọ̀ pé òjò ò ní pẹ́. Mo rántí ìrókò yẹn mo lọ wò ó, kùkùté ni mo bá, àwọn onígẹdú ti là á.

Ìgbà tí àwọn olóṣèlú wá polongo ìbò, wọ́n ní ká bèèrè ohun tá a fẹ́. Ẹnìkan ní títì, ẹnìkan ní tiransifọ́mà. Èmi dìde mo ní kí lẹ fẹ́ ṣe sí ojú ọjọ́ tó ń yí padà yìí, èbù wa ń kú sílẹ̀. Hẹ̀n, ẹ̀rín ni gbogbo gbọ̀ngàn fi dá mi lóhùn! Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti Ọlọ́run nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà." Wọ́n wá pín ìrẹsì kóńgò kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á o, mi ò ní purọ́. Ìpínlẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ "stomach infrastructure", ìyẹn kí olóṣèlú máa fi oúnjẹ wá ìbò, ti gbilẹ̀ ní 2014, gbogbo Nàìjíríà ṣì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ìrẹsì tọjọ́ méjì nìyẹn, iṣu tó kú sínú ebè, oúnjẹ ọdún kan gbáko ni.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà o. 2021 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìyípadà ojú ọjọ́, ọdún yẹn náà ló lọ ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run ò ní ju èyí tá a lè mú kúrò lọ. 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 lórílẹ̀-èdè yìí. Ìbò 2023 dé, ọ̀rọ̀ náírà tuntun àti epo bẹntiróòlù ló gba gbogbo ẹnu.

Àgbẹ̀ Emùré: Ẹ̀gbọ́n, tiyín ò rọ̀, tiwa rọ̀ jù. Oṣù kẹjọ tó yẹ kí òjò sinmi ká ráyè fín kòkó lóògùn, ojoojúmọ́ ló ń dà, a fín in láàárọ̀, òjò fọ̀ ọ́ lọ lọ́sàn-án. 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé, nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn ti ba ti Gánà àti Ivory Coast jẹ́, àwọn ará Èkó ń pè mí pé "ẹ ti lówó o, ẹ rántí wa." Kí n sọ pé kí ni? Kòkó tèmi jẹrà, ó dúdú kanlẹ̀ lórí igi, owó ń kọjá mo ń wò ó.

Tíṣà Adó: Tèmi ò gùn. Atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ ká òrùlé ilé ìwé wa, a kó kíláàsì mẹ́ta sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn olóṣèlú wá, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò ti wà lórí Facebook, páànù ò tíì dé.

Èmi ará Ìkọ̀lé tún ni o. Ẹni tó bi mí léèrè bóyá mo ti san gbèsè kóńpíreétìfù tán, mo ṣì ń san án jàre, ẹ̀gẹ́ ni mo fi dípò iṣu. Ìpàdé òṣèlú míì ń bọ̀ nítòsí wa, mo ti kọ ìbéèrè mi sórí ìwé. Ẹni tó bá wà ní Ìkọ̀lé kó wá jókòó tì mí, ká lè tó bíi mẹ́rin tí ò ní rẹ́rìn-ín.