Páálí mẹ́rin ẹgbẹ́ wa ní Boston: ṣé ká kó wọn fún láíbìrì yunifásítì?

Akọ̀wé_Dorchester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Láti ọdún 1983 ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti ń ṣèpàdé lóṣooṣù ní Boston níbí. Ọ̀dọ̀ màmá tó jẹ́ akọ̀wé wa tẹ́lẹ̀ ni gbogbo ìwé wà. Wọ́n papòdà lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ ta ilé, ni wọ́n bá pè mí pé kí n wá kó ẹrù ẹgbẹ́. Páálí mẹ́rin! Ìwé mínítì méje tí wọ́n fi Yorùbá kọ, ìwé àjọ, káàdì ìkómọjáde, fọ́tò tó ju irínwó lọ, àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìsìnkú alága wa àkọ́kọ́. Omi ti wọ bésímẹ́ǹtì ilé yẹn rí, páálí kan sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Mo gbọ́ pé láíbìrì Yunifásítì Northeastern ń gba irú nǹkan báyìí, mo sì lọ wo ohun tí wọ́n ní. Ìwé Freedom House, tí Muriel àti Otto Snowden dá sílẹ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú ní Roxbury lọ́dún 1949, wà níbẹ̀. Ti àwọn ará Puerto Rico ní South End wà níbẹ̀, àwọn tí ìjọba ìlú fẹ́ wó àdúgbò wọn tí wọ́n ní àwọn ò kó lọ síbì kankan. Ti Chinese Progressive Association, ẹgbẹ́ àwọn ará Ṣáínà, náà wà níbẹ̀. Mo ní: tiwa ńkọ́?

Ṣùgbọ́n bí a bá kó o fún wọn, ṣé ó ti di tiwọn nìyẹn? Ọ̀rọ̀ sì wà nínú mínítì yẹn o. Orúkọ ẹnì kan wà níbẹ̀ gbangba, tó kó àjọ tirẹ̀ tán lọ́dún 1991 tí kò dá mọ́. Ọmọ rẹ̀ ti di dókítà báyìí, a jọ ń lọ òde ni.

Àgbà_Òkè:
Ẹ má kó nǹkan yín fún òyìnbó. Orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní London, ṣé wọ́n ti dá a padà? Ẹ gbé e sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá_Láíbìrì:
Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń háyà gbọ̀ngàn! Bí onílé bá lé wọn ńkọ́?

Akọ̀wé, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá rè é, ní yunifásítì mìíràn. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láìsí ìwé àdéhùn. Ẹ bèèrè nínú rẹ̀ ta ló ni pépà, ta ló sì ni ẹ̀tọ́ láti tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, nítorí ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ bèèrè pé ohun tí wọn ò bá fẹ́, ṣé wọ́n á dá a padà ni àbí wọ́n á dà á nù. Ẹ sì lè ní kí wọ́n ti ìwé mínítì pa fún iye ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Ojoojúmọ́ là ń ṣe ìyẹn.

Bí ọkàn yín ò bá gbà á, ọ̀nà mìíràn wà. UMass Boston, ìyẹn Yunifásítì Massachusetts tó wà ní Boston, ní ètò kan, Mass. Memories Road Show, tó ti ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Massachusetts láti 2004. Ẹ ó gbé fọ́tò yín wá, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sọ ìtàn rẹ̀, ẹ ó sì gbé fọ́tò yín padà sílé lọ́jọ́ náà.

Páálí tó ń rùn yẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má ba àwọn yòókù jẹ́. Fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ áábọ́ọ̀mù, ẹ má fagbára ṣí i. Ẹ má tún ìwé màmá tò. Bí wọ́n ṣe tò ó, ó ní ohun tó ń sọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni orúkọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n gbé fọ́tò kan wá síbi iṣẹ́ wa tí wọ́n kọ "Ìyá Àgbà, Ìkòyí" sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkejì mi ti kọ Lagos sí i kí n tó dé. Ìkòyí-Ilé ni, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́! Aṣọ ẹbí, ó pè é ní yúnífọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ta ló sọ fún un? Ẹ pe àwọn àgbà jọ, ẹ se ìrẹsì, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, pẹ̀lú agbo ilé. Ẹ má lo báírò.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Lórí gbèsè àjọ yẹn: ìwé tí Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ń kọ nípa ìgbé ayé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà ní láíbìrì Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó ni bàbá yẹn. Gbèsè tó jẹ, ìjà àwọn ìjòyè, gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀, òun gan-an làwọn òpìtàn fi ń mọ bí Ìbàdàn ṣe rí nígbà náà. Ẹ ti ìwé yín pa bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ya ojú ewé kankan o.

Akọ̀wé_Dorchester:
Mo ní kí n padà wá jábọ̀. A pe àwọn àgbà lọ́jọ́ Sunday, mẹ́rìnlá ló wá. Wákàtí mẹ́rin, fọ́tò ọgọ́ta péré la ṣe! Orí fọ́tò Franklin Park ọdún 1986 nìkan, wọ́n jà tó ogún ìṣẹ́jú lórí ẹni tó di ìkòkò mú.

Ìyá dókítà náà wá. Mo ti fi ìwé mínítì pa mọ́ sábẹ́ tábìlì, màmá ní kí n gbé e wá. Wọ́n ṣí i dé ọdún 1993, wọ́n nàka sí i: ọkọ wọn san gbogbo rẹ̀ pátá, àti owó ìtanràn. N ò kà á débẹ̀ ni.

A ó fún Northeastern ní ìwé, a ó mú fọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn UMass. Ó ku kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá Láíbìrì, ẹ̀gbọ́n kan ní kí n gbé e sínú fíríìjì. Ṣé òótọ́ ni?