Ẹ má sun èèpo ẹ̀pà di eérú mọ́

Láti Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń dáná sun òkìtì èèpo ẹ̀pà lẹ́yìn ọjà. Eérú ni iná ìta gbangba ń fi sílẹ̀, òjò á sì gbá a lọ. Tí a bá sọ ọ́ di èédú, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò nínú ilẹ̀, á máa di omi àti ajílẹ̀ mú. Ohun tí ilẹ̀ oníyanrìn tó pọ̀ n'Íbàdàn níbí ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Láti sun ún di èédú, àgbá epo onílítà 200 ló dáa jù. Ẹ lu ihò bí 20 sí 30 sí ìdí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka ọwọ́, kí ẹ sì gbé e ka orí òkúta mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Èèpo tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ dà sí i, èyí tó ń dún pàpà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Òkè ni ẹ ó ti ṣáná sí i o, kì í ṣe ìdí. Iná á máa rìn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èéfín tó ń gòkè á sì jóná lókè. Bí èéfín funfun bá ń rú bọ̀lọ̀jọ̀, èèpo yẹn ò tíì gbẹ, tàbí ihò ti dí.

Ẹ máa yọjú wo ihò ìdí. Bó bá ti pọ́n, iná ti débẹ̀ nìyẹn: ẹ takété nítorí oru, kí ẹ da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èèpo ẹ̀pà fúyẹ́, kíá ló ń di eérú. Ẹ bu omi sí i títí ooru á fi tán nínú rẹ̀, torí ẹyin iná kan tó bá sá pamọ́ síbẹ̀ lè jó gbogbo rẹ̀ mọ́jú.

Láti Ẹgbẹ́dá:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èèpo èkùrọ́ ní tirẹ̀ wúwo, ó sì máa ń dì pọ̀. Ẹ fi kùùkù àgbàdo là á láàárín kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Tó bá di èédú tán, ẹ gún un kó rí wínníwínní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èédú lásán lọ sóko. Ó máa ń gba náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, mọ́ gbòǹgbò lọ́wọ́, ewé àgbàdo á sì máa pọ́n. Báfù èédú kan sí báfù ìgbẹ́ adìyẹ kan, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lórí ebè, kílò 1 sí mítà 1 níbùú lóròó ti tó, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè.

Láti Ìdí-Ayùnrẹ́:
Èèpo kajú ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Láti Mọ́níyà:
Ìyẹn gba ìṣọ́ra, àbúrò. Epo inú rẹ̀ ń bó awọ ara, èéfín rẹ̀ sì ń ta lójú. Èyí tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò nìkan ni kí ẹ sun, kó jìnnà sílé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀.