Báwo ni kíbọ́ọ̀dù ṣe lè gbè olórin láìbo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olórin. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ní gìtá báàsì, dọ́ọ̀mù, gángan, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Màmá tó ń lé orin ìyìn ní ohùn òun kì í jáde, pé ńṣe ni kíbọ́ọ̀dù ń bá òun jà. Mo ti dín ohùn rẹ̀ kù, ẹjọ́ yẹn ò tán. Kí ló kù? Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n máa ń dá orin láìsọ kíì, ìyẹn ohùn tó jẹ́ dò orin náà, fún wa. Báwo lẹ ṣe ń wá a tí ìjọ ò fi ní gbọ́ bí ẹ ṣe ń táràrà?

Atẹdùùrù_Àgbà:
Àbúrò, dídín ohùn kù nìkan ò lè yanjú ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ wà lórí kíbọ́ọ̀dù ló ń bá màmá yẹn jà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń tẹ orin tí wọ́n ń kọ gan-an. Fi orin fún wọn. O lè tẹ orin náà nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, àmọ́ bí wọ́n bá ti lanu, kọ́ọ̀dù ni tìrẹ: ohùn mẹ́ta péré, kó kóra jọ sí agbègbè C àárín (C tó sún mọ́ àárín kíbọ́ọ̀dù jù lọ), kí èyí tó ga jù nínú wọn má sì kọjá ohùn tí wọ́n ń kọ.

Ọwọ́ òsì ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tí gìtá báàsì ti wà, gbé e kúrò nísàlẹ̀. Wá C tó tẹ̀lé C àárín lápá òsì, má tẹ ohunkóhun tó rẹlẹ̀ jù ú lọ. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ wà nísàlẹ̀ yẹn, sípíkà á kàn máa hó bùùù ni, ìjọ ò sì ní mọ ohùn tí báàsì ń fà. Kódà, o lè ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn títí orin kan á fi parí, kò sóhun tó máa bàjẹ́.

Pedal ẹsẹ̀, tó ń mú kí ohùn máa dún lọ lẹ́yìn tí ìka bá ti kúrò, náà wà níbẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúrò bí kọ́ọ̀dù bá ti fẹ́ yí, tún un tẹ̀ lẹ́yìn tí èyí tuntun bá ti dún. Tó bá jẹ́ orin ijó, má fẹsẹ̀ kàn án rárá.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé o ti pọ̀ jù rèé: láti ibi tí o jókòó sí, ṣé ò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ? Ọ̀rọ̀ ni mo wí, kì í ṣe ohùn lásán. Orin Yorùbá ń tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Bí màmá bá ń sọ̀ kalẹ̀ sórí "rè" tó gbẹ̀yìn Olódùmarè, tí ìka rẹ wá ń sá gòkè ní àkókò yẹn gẹ́lẹ́, o ti fa ọ̀rọ̀ yẹn ya lẹ́nu wọn. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì, Èkó, láti 1914 di 1962, ṣe wàhálà gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí orin ṣọ́ọ̀ṣì lè máa bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ. Ní ti hímù tí ohùn rẹ̀ ti Òyìnbó wá, ohùn yẹn àti ọ̀rọ̀ wa ti ń fa ara wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà kọ́ọ̀dù rẹ gbọ́dọ̀ tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ọmọ_Àyàn:
Ẹ̀gbọ́n ti ṣe é tán lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àlàfo kún un, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lílé àti ègbè ni orin wa. Bí ẹni tó ń lé e bá ti sinmi, kí ègbè tó gbà á, àyè kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Gbogbo onílù àti oníkíbọ́ọ̀dù ló máa ń fò sínú àyè yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in: gángan á dáhùn lílé àkọ́kọ́, kíbọ́ọ̀dù á dáhùn èkejì, ẹ̀kẹta á wà lófìfo. Bí o bá sì ń dáhùn, kí ọwọ́ rẹ ti kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà tí olórin bá ń mí sínú. Má dúró dìgbà tó bá lanu.

Bí gángan bá ń sọ̀rọ̀, di kọ́ọ̀dù kan mú kí o má rìn. Má sì wá kíì fún un. Ọsán tí à ń fún mọ́ra ló ń gbé ohùn rẹ̀ lọ gbé e bọ̀, kò ní dúró lórí C tàbí D fún ẹnikẹ́ni.

Bí o bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbe èèyàn, lọ wo oní-gúdúgúdú nínú agbo dùndún. Ó fi bílálà méjèèjì di ìlù kan náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Kẹríkẹrì, ìṣaájú àti àtẹ̀lé wà ní àyè tiwọn, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí oní-gúdúgúdú bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárà, ìyáàlù ò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ipò tìrẹ nìyẹn nínú orin ìyìn.

Ẹ tún ṣọ́ eré sísá o. Bí ijó bá ti gbóná, ọwọ́ á yá. Ẹ fi metronome orí fóònù, tó ń ka iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan, wọ̀n ọ́n nígbà ìdánrawò: bí orin bá bẹ̀rẹ̀ ní 112 tó wá di 124, ẹnì kan ti sáré. Ẹni tó ń lu agogo ni kí gbogbo yín máa gbọ́, kó má ṣe dárà sí i.

Olùdarí_Ègbè:
Ní ti kíì: bí wọ́n bá dá orin lójijì, má fọwọ́ kan nǹkan kan ní ìlà àkọ́kọ́. Gbọ́ ibi tí ìlà náà sinmi sí. Dò ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè jẹ́ mí tàbí sò. Kùn ún sínú. Yí ohùn kíbọ́ọ̀dù wálẹ̀ títí yóò fi jẹ́ ìwọ nìkan ló máa gbọ́, fi ìka kan ṣoṣo wá a. Bí ègbè bá ti gbà á, ariwo ìjọ á bò ọ́, ìgbà yẹn ni kí o wọlé.

Nígbà mìíràn, olórin á bọ́ sáàárín kíì méjì, bíi E àti F. Má máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Yan ọ̀kan, èyí tó rẹlẹ̀ bí orin náà bá ń gòkè púpọ̀. Tẹ kọ́ọ̀dù karùn-ún rẹ̀, èyí tó dúró lórí sò, nínú àlàfo kí lílé tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Etí olórin á mú un, á sì bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo máa yan kíì, má jẹ́ kí ohùn tó ga jù nínú orin kọjá C tó wà lókè C àárín, tàbí D tó bá pọ̀ jù. Ìjọ ò lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lówùúrọ̀.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sódò, ni mo ń lò fún àwọn kíì tó le. Ṣé ó burú?

Báàsì_Ìsàlẹ̀:
Kò burú, àmọ́ òun ló ń dá wa láàmú jù. Bí o bá gbé e sí +2, C lò ń tẹ̀, D ló ń dún. Onígìtá báàsì tó ń wo ọwọ́ rẹ á fa C, orin á sì dojú rú. Kíì tó ń dún ni kí o máa pè fún wa. Má yí i láàárín orin láìṣẹ́jú sí báàsì. Bí orin bá ti parí, dá a padà sí òdo kó tó di pé wọ́n dá òmíràn. Kí o sì jókòó síbi tí wàá ti máa rí ọwọ́ màmá, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ parí orin ni wọ́n máa fi ẹnu sọ ọ́.