Ìwé àṣẹ àtúnṣe ilé wa ti jáde o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo ké síta níjelòó pé wọn ò fún wa níwèé àṣẹ láti kọ́ òkè sórí ilé bàbá mi l'Ékòó. Ó ti jáde! Ohun tó dá fáìlì wa dúró ni ìwé ẹ̀rí pé ìpìlẹ̀ àti òpó ilé lè gbé òkè. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ní káńtà. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló wá fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ òpó kọ̀ọ̀kan láti mọ bó ṣe lágbára tó, ó ń kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde sílẹ̀, kó tó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí náà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa kọ́lé ná, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ júwe ẹnjiníà yẹn fún mi, mo dúpẹ́ gan-an. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.