Ìbọn ìléwọ́ wo ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ́kọ́ rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ìlú Houston ni èmi àti ìyàwó mi wà, a sì fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan tí yóò máa wà nílé fún ààbò. Ọ̀rọ̀ òfin kò dà mí láàmú; èyí tí a ó mú gan-an ni ìṣòro.

Ní ibi ìdánrawò tí wọ́n ti ń fi ìbọn háyà, mo gbìyànjú Glock 19, tó ń gba ọta 15, àti Glock 43X, tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, tó sì ń gba 10. Ọta 9mm kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, síbẹ̀ èyí tó kéré ló ń ta padà síni lọ́wọ́ jù, nítorí pé kò wúwo tó láti gba agbára ọta náà mọ́ra. Ìyàwó mi, ẹ̀wẹ̀, kò lè fa irin òkè Glock (èyí tí a ń fà kí ọta lè wọlé) sẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n ó fa ti Smith & Wesson Shield EZ láìsí wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọta 8 péré ni ìyẹn ń gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ṣé kí a ra èyí tó rọ ìyàwó mi lọ́rùn ni, àbí ìdánrawò yóò mú kí fífa Glock mọ́ ọn lára? A ní ọmọ kékeré nílé (èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú): irú àpótí onírin wo ló ń tètè ṣí fún àgbà, tí kò sì ní ṣí fún ọmọdé?