Àyà mi máa ń já lórí Third Mainland Bridge, kí lẹ̀yin máa ń ṣe sí i?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tírú èyí bá ti ṣe rí kó gbà mí nímọ̀ràn. Gbàgádà ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí dáńfó bá ti gun afárá yẹn, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa dúró lórí ọ̀sà, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí, èémí ò ní já gaara mọ́. Á dà bíi pé mo fẹ́ kú. Tó bá yá, á rọlẹ̀, á wá rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Dókítà ti yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, pé ìpayà ni. Màmá mi ní ọwọ́ ayé ni (ẹ kúkú mọ àwọn ìyá wa).

Kí n rọra máa mí sínú, kí n sì mí síta pẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ nílé. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ńdọ́ ti ń pariwo ṣéńjì ńkọ́?

Ṣé kí n máa gba Carter Bridge tó kúrú, àbí sísá yẹn lá tún mú un le sí i? Ẹ tún bá mi dá sí èyí: ta ló ti lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá? Ẹ̀rù orúkọ “Yaba Left” ń bà mí. Ṣé oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, àbí wọ́n á jẹ́ kéèyàn sọ tẹnu ẹ̀ ná?